Inú kọ̀ǹténà wo ni àṣẹ yín ti ń ṣiṣẹ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí wíwá àbùkù nínú pod tó ní sidecar

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi iṣẹ́ sọ́fítíwíà jẹun, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní agbègbè LAUTECH nígbà tí àwọn sáfà tí wọ́n ń bójú tó wà lókè òkun. Mo tún un kọ síbí kí ẹni tí kò sí níjokòó lè kà á.

Kọ̀ǹténà ni àpótí tí a kó ètò kan àti ohun tó nílò sí. Kubernetes, ètò tó ń bójú tó kọ̀ǹténà lórí àwọn sáfà, tí Google gbé jáde ní ọdún 2014, kì í gbé kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan dìde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pod ló ń gbé dìde, pod kan sì lè gba kọ̀ǹténà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá pod náà sílẹ̀. Sidecar ni alábàárìn rẹ̀: ó lè máa kó lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí Envoy ti ń ṣe nínú Istio, ètò tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn pod.

Ẹ fi ojú agbo ilé wo pod. Àdírẹ́ẹ̀sì kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, bí ọ̀kan bá sì pe localhost (orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀), èkejì lè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n inú yàrá oníkálukú ni ẹrù rẹ̀ wà. Fáìlì inú kọ̀ǹténà kan kì í ṣe ti èkejì, àyàfi bí wọ́n bá jọ ní volume (àyè ìkófáìlìsí) kan náà. Àwọn environment variable wọn (iye ètò tí a kọ fún ètò kọ̀ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀) yàtọ̀ síra. Kọ̀ǹténà kan kò sì lè rí ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú èkejì, bí kò bá ṣe pé a kọ shareProcessNamespace: true sínú pod náà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lórí èyí: kí a tó gba ìdáhùn tí àṣẹ kan mú wá gbọ́, ó yẹ kí a mọ inú yàrá tí a ti béèrè.

kubectl ni irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún Kubernetes, exec rẹ̀ sì ń mú àṣẹ ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà. Bí ẹ bá kọ kubectl exec láìdárúkọ kọ̀ǹténà, kubectl yóò bá yín yàn. Yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá annotation (àkọsílẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ pod) tó ń jẹ́ kubectl.kubernetes.io/default-container wà lórí pod náà. Bí kò bá sí, èyí tó wà lókè pátápátá nínú àtòkọ containers ni yóò mú. Ó máa ń sọ èyí tó mú, nínú ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Defaulted container", àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ìlà náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa kọ -c àti orúkọ kọ̀ǹténà nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ exec, ìbáà jẹ́ logs tó ń fi lọ́ọ̀gì hàn, torí pé ẹni tó ń fi sidecar sínú pod lè gbé e ṣíwájú tiyín láìsọ fún yín.

Ohun kan tún wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Láti ẹ̀dà 1.28, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, a lè kọ sidecar sí abẹ́ initContainers (àtòkọ àwọn kọ̀ǹténà tó ń kọ́kọ́ dìde), kí a sì fún un ní restartPolicy: Always. Ọ̀nà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀dà 1.33, ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Inú mi dùn sí i gidigidi, nítorí pé tẹ́lẹ̀, Job (iṣẹ́ tó ní òpin) tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kì í lè kásẹ̀ nílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí sidecar bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo abẹ́ containers nìkan kò ní rí irú sidecar bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, a sì lè fi -c wọlé sí i bíi ti àwọn yòókù.

Ibi tí ó ti léwu jù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Istio ń lo iptables (òfin nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú Linux) láti darí ohun tó ń jáde kúrò nínú pod sọ́dọ̀ Envoy ní port 15001, èyí tó ń wọlé sì ń lọ sí port 15006. Bí ó bá wá darí ohun tí Envoy fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ padà sọ́dọ̀ Envoy, ọ̀rọ̀ náà yóò máa yí po láìlópin. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yọ user 1337, tí istio-proxy (kọ̀ǹténà tí Envoy wà nínú rẹ̀) fi ń ṣiṣẹ́, kúrò nínú òfin náà. Ẹ wá wo ẹni tó wọ inú istio-proxy lọ torí pé kọ̀ǹténà tirẹ̀ kò ní curl (irinṣẹ́ tí a fi ń kàn sí àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́ẹ̀bù), tí ó sì bá curl níbẹ̀. User 1337 ni curl rẹ̀ ń jẹ́, kò sì gba ọ̀dọ̀ Envoy kọjá rárá, tààrà ló ń jáde. Bí ibi tó ń lọ bá ń béèrè mTLS (kí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ẹ̀rí ẹni tí wọ́n jẹ́ hàn) dandan, wọ́n á já ìlà mọ́ ọn lẹ́nu, yóò sì kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé sáfísì (service) ọ̀hún ti kú, nígbà tí ètò tirẹ̀ gan-an ń bá a sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Ó tún lè rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì: àṣìṣe wà nínú òfin tí Envoy ń tẹ̀ lé, curl láti inú sidecar kò kan òfin náà, ó dé ibi tó ń lọ, ẹni náà sì sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kà á sí ìwà àìbìkítà láti mú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ohun tó yẹ kí a bá istio-proxy sọ ni ọ̀rọ̀ Envoy fúnra rẹ̀, bí àpẹẹrẹ àwọn ibi tó mọ̀ àti ipò tí wọ́n wà, ní localhost:15000/clusters.

Kí wá ni kí a ṣe bí kọ̀ǹténà wa kò bá ní shell (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), tí exec kò mú nǹkan kan wá ju "executable file not found in $PATH" lọ? Ephemeral container, kọ̀ǹténà àyẹ̀wò tí a ń fi sínú pod tó ti ń ṣiṣẹ́, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀dà 1.25 ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ni kí a lò:

kubectl debug -it orukọ-pod --image=busybox --target=app --profile=general

Kọ̀ǹténà tuntun yìí bọ́ sínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pod náà, kì í sì í ṣe user 1337, nítorí náà ohun tí wget (irinṣẹ́ bíi curl) inú rẹ̀ bá fi ránṣẹ́ yóò gba ọ̀dọ̀ Envoy kọjá bíi ti ètò yín. Nítorí --target, ẹ ó rí àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú app (orúkọ kọ̀ǹténà tiyín nínú àpẹẹrẹ yìí), ẹ ó sì lè wo fáìlì rẹ̀ ní /proc/1/root. Bí pod náà bá ti ní shareProcessNamespace tẹ́lẹ̀, pause, kọ̀ǹténà kékeré tí Kubernetes fi ń di pod mú, ni yóò jókòó sípò 1, kí ẹ fi ps wá nọ́ńbà ti app. Ẹ má ṣe tẹ env nínú kọ̀ǹténà àyẹ̀wò kí ẹ sì sọ pé wọn kò fi àdírẹ́ẹ̀sì database sínú app. Ti kọ̀ǹténà àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lẹ ń wò. Inú /proc/1/environ ni ti app wà, ọ̀rọ̀ aṣínà sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má dà á sójú gbangba.

Ẹni kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá image (àkójọ fáìlì tí a fi ń dá kọ̀ǹténà) tí a ń fà yìí yóò jẹ dátà òun. Rárá o. Node, sáfà tí pod náà wà lórí rẹ̀, ló ń fà á, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já lójijì, tí shell náà bá ṣì wà láàyè, ẹ lè fi kubectl attach àti -c padà bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni cluster (àkójọ àwọn sáfà Kubernetes) kí ẹ tó dé ibẹ̀, nítorí pé pods/exec àti pods/ephemeralcontainers yàtọ̀ síra nínú RBAC, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti ṣe kí ni. Ẹni tó ní ọ̀kan lè má ní èkejì. Ẹ sì rántí pé a kò lè yọ ephemeral container kúrò nínú pod lẹ́yìn tí a bá ti fi í sí i. Bí pod náà bá wà lábẹ́ Deployment (ètò tó ń rí i pé pod tuntun rọ́pò èyí tó kú), ẹ pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, òmíràn yóò sì dìde láìní kọ̀ǹténà àyẹ̀wò náà nínú.