Béékìn Oníṣúgà àti Ata: Ìpápánu Inú Ófùn fún Àlejò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Ìpápánu tí a fẹ́ ṣe lónìí kò tíì wọ́pọ̀ lórí tábìlì àlejò ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹni tó ń ṣe ìkómọ tàbí ìdúpẹ́ ti sábà máa ń gbé pọ́fù-pọ́fù, mọ́sà àti ẹran díndín síwájú àwọn ènìyàn kí oúnjẹ gidi tó dé. Béékìn ni, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti fi iyọ̀ pa lára, tí ó ti gbé ọjọ́ díẹ̀ nínú iyọ̀ náà, tí a sì gé ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín. A óò fi ṣúgà àti ata bò ó, a óò yan án nínú ófùn, yóò sì máa rún wómúwómú lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ohun kan ló sábà máa ń da iṣẹ́ yìí rú: ọ̀rá ẹran ń fẹ́ àkókò kí ó tó yọ́ jáde, ṣúgà kì í sì í dúró dè é. Bí a bá kó àwọn méjèèjì sínú iná ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣúgà yóò ti dúdú, yóò sì ti korò, nígbà tí ọ̀rá ẹran ṣì funfun, tí kò tíì ṣe ohunkóhun.

Kí a tó tan iná, ọ̀rọ̀ àwọn tí yóò jẹ ẹ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ agboolé ló wà ní ìlú yìí tí Mùsùlùmí àti Kìrìstẹ́nì ti jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ Seventh-day Adventist náà kì í jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe to béékìn pọ̀ mọ́ àwọn ìpápánu yòókù lórí àwo kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwo rẹ̀ dá dúró, kí ẹnìkan dúró tì í tí yóò máa sọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹni tó bá na ọwọ́, kí ẹ sì ṣe àwo kejì pẹ̀lú ẹran màlúù, nínú tíré ọ̀tọ̀ àti lórí wáyà ọ̀tọ̀. Kí a kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lórí wáyà, kí a sì to ẹran màlúù sórí ọ̀rá tó ṣẹ́kù níbẹ̀, ìwà àìdáa ni lójú tèmi, ì báà jẹ́ pé ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò ní mọ̀ láéláé.

Fún àwo kejì yìí, ẹ ra ẹran màlúù tí kò ní eegun. Ẹ fi í sínú fírísà fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ó le díẹ̀, nígbà náà ni ọ̀bẹ yóò lè gé e ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí ẹ sì rí i pé ọ̀bẹ ń gba ìdábùú iṣan ẹran náà kọjá. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti òróró pa á lára, kí ẹ jẹ́ kí ó wà nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Òróró náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹran yìí kò ní ọ̀rá tó pọ̀ bíi ti ẹlẹ́dẹ̀ tí yóò máa ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ nínú ófùn. Ohun gbogbo yòókù tí a óò sọ nípa ṣúgà àti ata kan òun náà, àyàfi pé kì í pẹ́ tó béékìn kí ó tó jinná.

Ní ti béékìn gan-an, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń gé tiwọn láti ìhà ikùn ẹlẹ́dẹ̀, ẹ óò sì rí ilà ọ̀rá funfun àti ilà ẹran pupa tó tẹ̀ lé ara wọn lára rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn èyí tí a gé láti ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, tí ẹran rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rá lọ. Ti ìhà ikùn ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, nítorí pé ọ̀rá tó yọ́ kúrò nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń rún lẹ́nu. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára àwọn ohun tí ìjọba Nàìjíríà kò gbà kí a kó wọlé láti òkè òkun, nítorí náà èyí tí a pèsè nílé ni kí ẹ máa bèèrè, ní ṣọ́ọ̀bù tí fírísà rẹ̀ kì í kú nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Bí ẹ bá rí i pé yìnyín ti dì gbagidi láàárín àwọn pẹlẹbẹ inú láílọ́ọ̀nù tí a fi dì í, ó ṣeé ṣe kí ó ti yọ́ rí kí ó tó tún dì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Àwọn kan máa ń ṣe tiwọn nílé. Fún kílò kan ẹran ìhà ikùn, iyọ̀ gíráàmù 25 àti ṣúgà gíráàmù 10 ni a óò fi pa á lára, a óò dì í sínú láílọ́ọ̀nù, a óò sì fi í sínú fíríìjì fún ọjọ́ 7, a óò máa yí i padà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà a óò fi omi ṣàn án, a óò nù ún gbẹ, a óò sì gé e. Ó máa ń dùn, ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà pẹ̀lú ti ilé iṣẹ́, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ń fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní nitrite sí tiwọn, èyí tó ń jẹ́ kí ẹran náà pọ́n, tó sì ń dènà irú bakitéríà tí ń fa májèlé inú oúnjẹ. Ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí fíríìjì tó bá gbóná ní ààbọ̀ ọjọ́ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tó wà lórí tábìlì mi. Béékìn gíráàmù 400 nìyí, ó jẹ́ nǹkan bíi pẹlẹbẹ 16, mo sì ti gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ṣúgà pupa gíráàmù 100 ló wà nínú abọ́ yìí. Ṣúgà funfun náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti pupa ní ọ̀rinrin díẹ̀ lára, ó sì ń dì mọ́ ẹran dáadáa. Ìlàjì síbí kékeré ata gígún, ìlàjì síbí kékeré atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀, àti ìyèré díẹ̀ ni mo rò pọ̀ mọ́ ọn. Mi ò fi iyọ̀ kankan sí i, nítorí pé iyọ̀ tó wà lára béékìn ti tó fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ ata yìí tó ohun tí a ń jókòó sọ. Èròjà tó ń mú kí ata ta ènìyàn lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní capsaicin, kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yọ́. Ìdí nìyí tí ata tó dàbí ẹni pé ó kéré nínú abọ́ fi máa ń tàn ká gbogbo ara béékìn nígbà tí ọ̀rá bá ti gbóná, tí yóò sì wá ta ju bí a ti rò lọ. Ata gígún ọjà wa, pàápàá èyí tí a fi ṣọ̀ǹbọ̀ gún, le gan-an, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ yan pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, kí ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó bo ìyókù. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ lo yájì tí àwọn onísúyà Sábó ń tà. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti Maggi sábà máa ń wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì pàdé iyọ̀ béékìn, omi nìkan ni àwọn àlejò yín yóò máa bèèrè. Kùlìkúlì náà wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà sì lè ṣe àwọn ènìyàn kan ní ìjàǹbá ńlá.

Ófùn wa yóò wà ní 180 °C. Ọ̀pọ̀ ófùn gáàsì ni kò ní ohunkóhun tó ń sọ bí ooru inú rẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n ṣúgà tó wà nílé lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ da síbí ṣúgà funfun kan sórí fóìlì, kí ẹ gbé e sínú ófùn tó ti gbóná fún ìṣẹ́jú 15. Nǹkan bíi 186 °C ni ṣúgà gbígbẹ ti ń yọ́, nítorí náà bí ẹ bá bá a ní omi, iná ti pọ̀ jù; bí ó bá wà bí ẹ ti dà á sí, ẹ kò tíì kọjá ààlà.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé báwo ni ṣúgà yóò ṣe yọ́ lórí ẹran nínú ófùn tí ooru rẹ̀ kò tó èyí tí ń yọ́ ṣúgà. Omi tó ń jáde láti ara ẹran ló ń tú u, tó ń sọ ọ́ di omi ṣúgà tó ki. Bí omi náà ti ń gbẹ, ooru ohun tó ṣẹ́kù ń gòkè. Bí a bá gbé e jáde nígbà tó wà ní nǹkan bíi 120 °C, yóò máa lẹ̀ mọ́ eyín bí ó bá tutù. Bí ó bá fi dé nǹkan bíi 150 °C, yóò le, yóò sì máa kán pẹ́kẹ́. Láti ibẹ̀ dé ibi tí yóò ti korò kò jìnnà rárá, èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹni tó bá ń yan béékìn má ṣe lọ gba ìpè fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn.

Ẹ tẹ́ fóìlì sínú tíré, kí ẹ gbé wáyà lé e, irú èyí tí a fi ń yan ẹja náà yóò ṣe é, bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ to béékìn sórí rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Ní báyìí, láìsí ṣúgà kankan, ẹ gbé e sínú ófùn fún ìṣẹ́jú 12, títí ọ̀rá funfun yóò fi máa mọ́ gaara, tí etí ẹran yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ gbé e jáde, kí ẹ wọ́n ìlàjì ṣúgà aláta náà sójú ẹran, kí ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú 8. Ẹ yí i padà, kí ẹ wọ́n ìyókù sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó láti bí ìṣẹ́jú 5 lọ. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n tó ń dán, tí ìfófòó kéékèèké ń hó lójú rẹ̀, ó ti tó. Yóò ṣì rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má sì tìtorí ìyẹn dá a padà sínú iná, nítorí pé ìta ni yóò ti le.

Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà sí tíré náà. Ṣúgà tó ń hó gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ẹ fi ẹ̀mú ṣí béékìn kọ̀ọ̀kan nípò lórí wáyà kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe tò ó sórí bébà ìnuwọ́ bí a ti ń ṣe fún àkàrà, bébà náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá. Àkókò tí ó ṣì ń lẹ̀ yìí ni a máa ń wọ́n ẹ̀pà kajú tí a ti yan, tí a sì fọ́ wẹ́wẹ́, sí i lójú. Kajú pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ débi pé yóò jẹ́ àṣìṣe láti má ṣe lò ó, bí a bá ti kìlọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Ẹni tó bá fẹ́ oyin dípò ṣúgà gbọ́dọ̀ yí ètò náà padà. Fructose, irú ṣúgà kan tó pọ̀ nínú oyin, ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní nǹkan bíi 110 °C, nígbà tí ṣúgà ìrèké ń dúró dé nǹkan bíi 160 °C, nítorí náà ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. A kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, ẹ rántí ìyẹn níbi ìkómọ.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under G ti máa bèèrè nípa ìkòkò oníyanrìn tí wọ́n fi ń yan kéèkì. Ó ń ṣiṣẹ́ fún kéèkì, ṣùgbọ́n oru máa ń há sínú rẹ̀, béékìn kì í sì í gbẹ dáadáa níbẹ̀. Pánù lórí iná kékeré sàn jù ú lọ: ẹ dín béékìn títí ọ̀rá yóò fi yọ́ tán, ẹ da ọ̀rá náà kúrò, kí ẹ tó wọ́n ṣúgà aláta náà sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ègé méjì sí mẹ́ta tó fún àlejò kan, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé irú ẹran tí a fi iyọ̀ àti èròjà pa mọ́ báyìí lè fa jẹjẹrẹ ìfun, nítorí náà ohun ọjọ́ àríyá ni kí ó jẹ́.

Ní ìgbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ kí ó tó rọ̀. Ní ìgbà òjò, ṣúgà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ yan án nígbà tí àwọn àlejò bá ti ń dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá wákàtí 2 níta, tàbí wákàtí kan bí oòrùn bá mú gidigidi. Ọ̀rá tó kán sínú tíré, ẹ má ṣe dà á sínú páìpù ibi ìfọ̀bọ́, nítorí pé yóò dì síbẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ sínú ìgò, ó dára fún ẹyin díndín bí kò bá tíì jóná. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú béékìn yóò wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ 3 sí 4, ìṣẹ́jú 5 nínú ófùn tó wà ní 150 °C yóò sì mú kí ó tún máa rún lẹ́yìn tó bá tutù.