Ẹ bi í kí ló lò: tramadol àti wárápá tí kì í ṣe wárápá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ti dé gáréèjì Ọ̀fà n'Ílọrin níbí láàárọ̀ kùtù rí, tàbí ọjà Ìpàtà níbi táwọn aláàárù ti ń já ẹrù, ẹ máa mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọkùnrin kan jókòó jẹ́ẹ́ lórí ọ̀kadà ẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti ṣubú lulẹ̀, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, ẹnì kan ti ń pariwo pé kí wọ́n mú ṣíbí wá, ẹlòmíì ní àwọn ayé ló ṣe é, wọ́n ti sáré lọ wá àgbo ìtọ̀ màálù. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló lò láàárọ̀.

Tramadol ló lò.

Oògùn ara ríro ni, àwọn ará Jámánì ló ṣe é, 1977 ló dé ọjà lọ́dọ̀ wọn. Dọ́kítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, 50 mílígíráàmù, nígbà míì 100. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ńkọ́? 225, 250, nínú hóró kan ṣoṣo o, NAFDAC ò sì fọwọ́ sí i. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju 400 lọ ní odidi ọjọ́ kan, ẹni tó bá wá gbé hóró 250 méjì mì kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́. Ó ń pa ìrora bíi ti morphine, ìyẹn oògùn ìrora tó le gan-an, ó sì ń jẹ́ kí èémí falẹ̀, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó fi ọtí tàbí oògùn oorun lé e fi lè sùn kó má jí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè kó serotonin àti noradrenaline, àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, kúrò nílẹ̀, ara á wá yá gágá, ibẹ̀ ni "agbára" táwọn èèyàn ń pariwo ẹ̀ ti ń wá. Agbára kọ́ jàre, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ ni. Tó bá wá pọ̀ jù, ẹ ṣáà mọ ìgbà tí NEPA bá ṣàdédé mú iná tó le wá tó ń jó gílóòbù, bó ṣe ń rí nínú ọpọlọ nìyẹn, òun ló ń mú èèyàn ṣubú kó máa gbọ̀n bí ẹni tí wárápá gbé.

Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣubú báyẹn, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kó òkúta àti irin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àgbo ìtọ̀ màálù yẹn, ó ń já ṣúgà ara wálẹ̀, ó ń jẹ́ kí èémí falẹ̀, tramadol náà sì lè ṣe méjèèjì, ẹ ti bá a fi kún un nìyẹn.

Ìwádìí tí NBS, àjọ ìjọba tó ń ka iye nǹkan, àti UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde ní 2019 sọ pé mílíọ̀nù 4.6 èèyàn ní Nàìjíríà ló ń lo irú oògùn yìí láìjẹ́ pé dọ́kítà kọ ọ́ fún wọn. Àwa ará Ìlọrin ò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ni, ṣebí ní 2018 tí ìjọba fòfin de ṣírọ́ọ̀bù ikọ́ tó ní codeine, tóun náà jẹ́ ẹbí tramadol, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni NAFDAC tì, méjì nínú wọn, ìlú wa níbí ni.

Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ tí wọ́n wá tì mọ́lé lójijì, gbogbo eegun á máa ro ó, á máa làágùn, á máa yàgbẹ́ gbuuru, kò ní rí oorun sùn, làwọn ará ilé bá ní orí ẹ̀ ti dàrú, ó di ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní òun ń wo wèrè. Oògùn ló ń kúrò lára ẹ̀ o, ọsibítù mọ bí wọ́n ṣe ń rọra já a kúrò. Ẹ gbé e lọ sí UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Budo-Egba, tàbí kẹ́ ẹ pe NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ọ̀fẹ́ ni, 0800 1020 3040.

Wọ́n máa bi yín ní ohun tó lò, iye tó lò àti ìgbà tó lò ó. Tẹ́ ẹ bá rí páálí oògùn tó ṣẹ́kù nínú àpò ẹ̀, ẹ mú un dání lọ, ẹ má torí ìtìjú jù ú sí gọ́tà.