Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì

Dèjì: Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Leeds ní England, ṣé wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ apààyàn tó ń jẹ́ Peter Sutcliffe níbẹ̀?

Rónkẹ́: Àwọn àgbà ò tíì gbàgbé. Obìnrin 13 ló pa láàárín 1975 sí 1980. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀rù á bà wọ́n. Ọlọ́pàá wá ní kí obìnrin jókòó sílé.

Dèjì: Obìnrin? Ṣé obìnrin ló ń pààyàn ni?

Rónkẹ́: Ohun tó mú àwọn obìnrin Leeds tú síta lóru láti fẹ̀hónú hàn nìyẹn, ní oṣù kọkànlá 1977.

Dèjì: Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ń dùn mí. Oṣù kẹfà 1979, ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí George Oldfield, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń darí ìwádìí, ó ní òun ni apààyàn náà. Ohùn ará Sunderland ló fi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wá ará Sunderland kiri nìyẹn.

Rónkẹ́: Ará Ìjẹ̀bú jalè, wọ́n ń wá ẹni tó ń sọ Èkìtì!

Dèjì: Bradford ni Sutcliffe ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Owó bébà tuntun, poun márùn-ún, tí wọ́n fi san owó iṣẹ́ fún un, tí wọ́n wá bá nínú báàgì obìnrin tó pa ní Manchester, ti gbé wọn dé ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Rónkẹ́: Obìnrin Karibeani kan wà tí Sutcliffe fi òòlù fọ́ lórí ní Leeds níbí, ní 1976. Kò kú. Ó ní òyìnbó onírùngbọ̀n ni. Wọn ò kà á mọ́ ọ̀rọ̀ apààyàn náà rárá.

Dèjì: Ohùn ẹni tẹ́nì kankan ò rí, wọ́n gbà á. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i…

Rónkẹ́: Hmm. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, obìnrin mẹ́ta sí i ló kú.

Dèjì: Nọ́ńbà mọ́tò èké ló padà mú un ní Sheffield, oṣù kìn-ín-ní 1981. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́pàá kan padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá òòlù àti ọ̀bẹ.

Rónkẹ́: Elékèé inú kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Dèjì: John Humble. Itọ́ tó fi lẹ àpòòwé ló tú u fó ní 2005. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ.

Rónkẹ́: Ará Sunderland ni lóòótọ́?

Dèjì: Ará ibẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ èdè tó tọ́ka àdúgbò rẹ̀ nígbà náà ti kìlọ̀ fún ọlọ́pàá pé ó lè jẹ́ ẹ̀tàn.