Ohun Tí Eṣinṣin Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Òṣogbo la ti ń bá yín sọ̀rọ̀, orí ogun sì ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ẹṣin ni wọ́n gbójú lé. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Balógun Odẹ́rìnlọ́ kó ogun dé, wọ́n ká àwọn ẹlẹ́ṣin mọ́ ibùdó wọn lóru, wọ́n sì tú wọn ká. Mi ò ní sọ fún yín pé eṣinṣin ló jagun náà. Àwọn ènìyàn ló jà á, ìgboyà wọn ló sì fún wọn ní ìṣẹ́gun. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: kí ló dé tí ẹṣin kì í pẹ́ kú tó bá ti wọ ilẹ̀ igbó wa? Kí ló dé tí Ọ̀yọ́ Ilé, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, fi ń ra ẹṣin léraléra lọ́wọ́ àwọn ará òkè, tí àwọn tó wà nílé kò bímọ tó láti dípò èyí tó ń kú? Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹṣin náà tó ń pa wọ́n. Eṣinṣin ló ń fi síbẹ̀.

Ẹ wo àwòrán tó wà níwájú yín yìí. Eṣinṣin tsetse nìyẹn. Ó fẹ́ tóbi díẹ̀ ju eṣinṣin inú ilé lọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bó bá bà, á ká ìyẹ́ méjèèjì lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó fi ń mu ẹ̀jẹ̀ á sì nà síwájú orí rẹ̀ gbọnrangandan. Ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ló ń gbé. Nínú ẹ̀fọn, abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀. Ní ti tsetse, akọ ń mu, abo ń mu, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń ta ènìyàn àti ẹran. Oríṣi kan nínú wọn fẹ́ràn etí odò tí igi ṣíji bò, irú ibi tí odò Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìnlẹ̀ ń gbà kọjá lágbègbè wa. Oríṣi mìíràn fẹ́ràn ọ̀dàn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa eṣinṣin yìí ni bó ṣe ń bímọ. Kì í yé ẹyin káàkiri bí àwọn yòókù. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbé sínú lẹ́ẹ̀kan, á máa fún un ní omi ara tó jọ wàrà nínú ikùn rẹ̀, á sì bí i lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ọmọ náà á rì wọnú ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà títí á fi di eṣinṣin. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, a lè rẹ́yìn rẹ̀. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, wọ́n tọ́ àwọn akọ tsetse, wọ́n fi ìtànṣán sọ wọ́n di àgàn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ máa gun abo. Abo kì í sábà gbà kí wọ́n gun òun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí akọ àgàn bá ti gùn, ọ̀rọ̀ ọmọ ti parí fún un. Nígbà tó fi máa di 1997, eṣinṣin náà ti tán ní erékùṣù yẹn pátápátá.

Kí ló wá ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀? Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Trypanosoma. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ óò rí i tó ń yí, tó ń jà pìtìpìtì láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa. Dókítà ẹranko kan, Griffith Evans, rí i ní 1880 nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti ràkúnmí ní Íńdíà. Ní 1895, David Bruce rí i nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfíríkà, ó sì tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tsetse. Lẹ́yìn náà, ní 1901, Robert Forde rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan ní Gambia. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Everett Dutton fún un ní orúkọ gambiense. Oríṣi tó ń mú ènìyàn lápá ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín nìyẹn.

Ọgbọ́n kòkòrò yìí le. Ẹ rántí egúngún onídán tó ń pààrọ̀ ẹ̀kú lójú agbo: ẹ ń wo aláró, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti di aláṣọ pupa. Bẹ́ẹ̀ ni Trypanosoma ṣe ń ṣe. Aṣọ kan wà tó bo gbogbo ara rẹ̀. Nígbà tí ara màlúù tàbí ènìyàn bá ti mọ aṣọ náà, tó ti ń pa àwọn tó wọ̀ ọ́, àwọn díẹ̀ láàrin wọn á ti pààrọ̀ sí òmíràn. Ara á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún kan jíìnì (àṣẹ inú ara tí òbí ń fi ránṣẹ́ sọ́mọ) lọ tó ní fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ibà rẹ̀ fi ń lọ, tó tún ń padà. Ìdí nìyí náà tí kò fi sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí di òní.

Ọ̀rọ̀ màlúù ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni ìyà náà ṣì pọ̀ sí. Màlúù tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè ọya sí Òṣogbo, àti àwọn tó wà ní gàá àwọn Fúlàní lẹ́yìn ìlú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni funfun oníwo gígùn tó ní iké. Wọn kò ní agbára púpọ̀ sí àrùn yìí. Ẹran náà á máa jẹun, síbẹ̀ á máa rù. Irun ara rẹ̀ á ṣe wúruwùru. Tí ẹ bá ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, inú rẹ̀ á funfun dípò kó pupa, torí ẹ̀jẹ̀ ti ń tán. Wàrà á dín kù, aboyún á ṣẹ́nú. Bó bá pẹ́, á wolẹ̀.

Kì í sì í ṣe tsetse nìkan. Trypanosoma vivax, tó wọ́pọ̀ nínú màlúù wa, tún ń bá àwọn eṣinṣin mìíràn tó ń ta ẹran lọ. Bí eṣinṣin bá ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù kan lọ́wọ́, tí màlúù fi ìrù nà án, á fò sórí ẹlòmíràn láti parí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tútù tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi gún un. Ọ̀nà yẹn ni vivax gbà tàn ká Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí tsetse kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí wọ́n kó màlúù lọ sí ọ̀hún láti Áfíríkà. Ẹni tó bá rò pé òun bọ́ torí pé igbó ti tán láyìíká òun, kó tún inú rò.

Àwọn bàbá wa ní ẹran tó lè fara dà á. Muturu, màlúù kúkúrú tí kò ní iké, ti wà nínú igbó láti ayébáyé. Kòkòrò náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò ní rù, kò sì ní kú bí ti àwọn yòókù. Keteku, tó jẹ́ àdàlù Muturu àti màlúù oníké, náà ń gbìyànjú. Ó dùn mí pé àwọn ẹran yìí ń pòórá torí pé wọn kò tóbi, wọn kò sì pa owó ńlá lọ́jà. Ẹran kékeré tó wà láàyè sàn ju ńlá tí a ń fi abẹ́rẹ́ gbé ró.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ gan-an ló gbé mi dé orí ètò yìí. Oògùn méjì ni a gbẹ́kẹ̀ lé jù: diminazene, tó ń wo àrùn tó ti wọlé, àti isometamidium, tó tún lè dáàbò bo ẹran fún oṣù méjì sí mẹ́rin. Ìwọ̀n ẹran ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnìkan á ra sáṣẹ́ẹ̀tì kan, á bù omi lé e ju bó ṣe yẹ, á fi gún ẹran mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láìmọ̀ bóyá Trypanosoma ló ń ṣe wọ́n tàbí aràn inú, tàbí àrùn tí eégbọn fà. Oògùn tí kò tó kì í pa gbogbo kòkòrò náà. Àwọn tó kù á mọ oògùn, á sì ta lé ìran wọn lọ́wọ́. Nígbà tó bá yá, ẹni tó lò ó bó ṣe yẹ pàápàá kò ní rí ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń sin ẹran, ẹ ní kí dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ẹran náà kí ó wò ó kí ẹ tó gún un. Ẹ sì ka ara páálí oògùn, kí ẹ mọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó pa ẹran náà tà.

Ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tó ń sin ajá: bí ojú ajá bá ṣàdédé funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó, tí ojú rẹ̀ wú, tí ibà sì ń mú un, ẹ má ṣe ro pé oyin ló ta á tàbí pé ewéko ló ta sí i lójú. Àrùn yìí máa ń ṣe ajá bẹ́ẹ̀, ó sì ń pa á kíákíá.

Ẹ ó bi mí pé, tí eṣinṣin tó ta màlúù bá ta èmi náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń pa màlúù ni kò lè gbé inú wa. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní APOL1 tó ń pa wọ́n. Gambiense àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, rhodesiense, ti rí ọgbọ́n dá sí i, ni wọ́n fi ń rí wa mú.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí fi hàn ní 2010 pé oríṣi jíìnì APOL1 méjì kan wà, G1 àti G2, tó jẹ́ pé àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló ní wọn jù. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí wọ́n yẹ̀ wò, G1 lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀dà jíìnì náà. Èyí tó bá a rò ni pé ìjà pẹ̀lú eṣinṣin yìí fún ọ̀pọ̀ ìran ló mú kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá jogún ẹ̀dà méjì nínú G1 tàbí G2 yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, àrùn kíndìnrín tètè ń mú un ju ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mú. Síbẹ̀, tí àrùn kíndìnrín bá wà nínú ìdílé yín, ẹ lọ yẹ ìtọ̀ àti ìfúnpá yín wò.

Àrùn tó ń mú ènìyàn náà, àrùn sùnrunsùnrun, ibà, orí fífọ́ àti oríkèé ríro ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Kókó á wú lẹ́yìn ọrùn. Thomas Winterbottom, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Sierra Leone, kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1803 pé àwọn olówò ẹrú mọ̀ ọ́n, wọn kì í ra ẹni tó ní irú kókó yẹn. Bí kòkòrò bá wọ inú ọpọlọ, aláìsàn á máa sùn lọ́sàn-án, ojú á là kalẹ̀ lóru, ìwà á yí padà débi tí ará ilé á fi sọ pé ayé ló ń ṣe é. Tẹ́lẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fún irú wọn ní ásẹ́nìkì nínú, ó sì ń pa tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 2018 ni fexinidazole ti gba àṣẹ: oògùn lílò lẹ́nu, ọjọ́ mẹ́wàá. Ní 1998, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000 ènìyàn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé wọ́n ní in ní Áfíríkà. Ní 2018 wọn kò tó 1,000. Tógò ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ní 2020 pé ó ti borí rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, agbègbè Abraka ní Delta ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù. Ẹni tó bá ti gbé lágbègbè yẹn, tí ibà rẹ̀ kò gbọ́ oògùn ibà ẹ̀fọn, kó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà rẹ̀.

Eṣinṣin kan tún kù, Chrysops, tó ń gbé nínú igbó, tí èéfín igi sì máa ń fà sún mọ́ ènìyàn. Òun ló ń fún wa ní Loa loa, aràn tó ń rìn lábẹ́ awọ, tó sì máa ń gba ojú kọjá. Àwọn ọmọ aràn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í sábà pa ẹni tó ní wọn, àyàfi bí wọ́n bá pọ̀ rẹpẹtẹ, tí onítọ̀hún sì lo Mectizan, oògùn tí wọ́n ń pín nítorí ìfọ́jú etí odò. Nígbà náà, ikú àwọn ọmọ aràn náà lẹ́ẹ̀kan náà lè kan ọpọlọ. Ní Okola ní Cameroon, ní 2015, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń lo fóònù, LoaScope, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní 16,000 kí wọ́n tó fún wọn ní Mectizan. Àwọn díẹ̀ tí aràn wọn pọ̀ jù ni wọn kò fún. Kò sí ìkankan tí oògùn náà kọ lù nínú ọpọlọ.

Mectizan dára, ẹ lò ó nígbà tí wọ́n bá pín in. Ṣùgbọ́n bí aràn bá ti gba ojú yín kọjá rí, ẹ sọ fún ẹni tó ń pín in kí ẹ tó gbé e mì, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Láàrin aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kí wọ́n gbà á, torí ọ̀sán ni àwọn ọmọ Loa loa máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbà lóru lè má fi nǹkan kan hàn.