Ohun Tí Ìyá Oníyán Ń Gbọ́: Iṣẹ́ Ọnà Lórí Àrùn Ọpọlọ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì máa ń sáré kọjá lórí apá àkọ́kọ́ láti lọ káàánú ìyá ọmọ. Apá àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí lónìí. Wèrè dùn ún wò. Ta ló ń wò ó? Ibo ló dúró sí tó fi ń wò ó? Ẹ wo àwọn eré àgbéléwò wa: wèrè á wọ àkísà, á gbé igbá borí, á máa jó lójú títì, àwa á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àwòrán tí àwa fúnra wa ń yà: irun tó ta kókó, ojú tó pọ́n, ẹnu tó là gbàgà. Ìta la dúró sí. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni òun náà ń rí, kí ni òun náà ń gbọ́.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà sọ̀rọ̀ àrùn ọpọlọ, má gbẹ́ wèrè. Ohun tó ń dé bá a ni kí o gbẹ́, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ń dé bá jẹ́ ọ̀gá rẹ lórí iṣẹ́ náà.

Àbúrò ìyá mi ló kọ́ mi. Ó ń gúnyán tà ní Adó-Èkìtì, nítorí náà Ìyá Oníyán ni n ó máa pè é. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń lọ rí dókítà lásìkò, ó sì ń tajà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ rárá. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà lórí rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, “Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe ìran wò ni?” Mo ní rárá o. Ó wá là á sílẹ̀ fún mi: kí n má dárúkọ òun, kí n má gbẹ́ ojú òun, kí n sì máa gbé iṣẹ́ náà wá fún òun kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo gbà.

Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ṣì rò pé mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo kó àwọn òṣèré mẹ́fà lọ sí sítúdíò. Wọ́n pariwo, wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀rù, a fi ohùn gbohùngbohùn sí i lẹ́yìn. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ki íàpíìsì bọ̀ ọ́ létí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi yọ ọ́.

“Ọkọ mi, ariwo ọjà ni èyí. Èmi ò gbọ́ ariwo rí.”

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó wá ṣàlàyé. Ó ní ó dà bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. O kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ á fò jáde láàárín ọ̀rọ̀ wọn, etí rẹ á sì lọ síbẹ̀, o fẹ́ o kọ̀. Ohùn méjì ni tirẹ̀. Ìkíní jọ ti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ó máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ rẹ̀: omi yẹn pọ̀ jù, iṣu yẹn kò tíì jinná. Ìkejì kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ńṣe ló máa ń ròyìn rẹ̀: ó ti dìde, ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbé korobá. Ó ní ìkejì yìí ló burú jù, nítorí pé bí ẹni ń bá ọ wí, o lè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kí ni o fẹ́ sọ fún ẹni tó kàn ń ròyìn rẹ? Ó wá fi kún un pé àwọn òṣèré mi ń sọ Yorùbá inú ìwé. “Èkìtì ni àwọn tèmi ń sọ. Ulé ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ilé.”

Ojú tì mí. Mo pa gbogbo ohun tí a gbà sílẹ̀ rẹ́.

Nígbà náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, èyí tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti fi ẹ̀rọ wo inú orí àwọn tó ń gbọ́ ohùn ní àkókò tí ohùn náà ń dún. Apá ọpọlọ tí a fi ń hun ọ̀rọ̀ àti èyí tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èrò kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wọn ni pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara rẹ̀ sọ nínú ni, àmọ́ ọpọlọ kò dá a mọ̀ mọ́ pé tòun ni. Nítorí náà, ẹni tó ní òun gbọ́ kò parọ́. Ó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń gbé náà wà níbẹ̀. Tanya Luhrmann, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá 60 èèyàn lẹ́nu wò: 20 ní California, 20 ní Accra, 20 ní Chennai lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Ní California, ohùn tó ń halẹ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ ìjà ló pọ̀. Ní Accra, ọ̀pọ̀ ní Ọlọ́run ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, ó sì ń tọ́ àwọn sọ́nà. Ní Chennai, ohùn ẹbí ló wọ́pọ̀, tó ń rán wọn níṣẹ́ ilé. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, ìyá ọkọ Ìyá Oníyán ni mo rántí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ omi tó pọ̀ jù.

Èdè wa náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ti gbọ́ ọdẹ orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ ní Ifẹ̀, kọ̀wé lé e lórí ní 1987: nǹkan á máa rìn nínú orí aláìsàn, á tún máa rìn káàkiri ara, etí á máa hó, àyà á máa já. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ọdẹ ni, ó wọ inú orí, ó ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò dúró síta wo aláìsàn. Ó tẹ́tí sí ohun tí aláìsàn wí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá àwòrán ọpọlọ tó fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá yín, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí.

Ibi tí mo ti rí ara iṣẹ́ náà kò jìnnà sí wa. Ẹ mọ Ẹpa, ìbòjú onígi tí wọ́n máa ń gbé sórí jó nígbà ọdún nílẹ̀ Èkìtì. Ère tó wà lókè ni gbogbo ayé ń wò, jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ìyá tó kó ọmọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ ère, èyí tí orí ẹni tó gbé e ń wọ̀, ni èmi ń ronú lé. Àwọn mìíràn wúwo ju kílò 20 lọ. A gbẹ́ ojú ràbàtà sí ìkòkò náà, àmọ́ fún òǹwòran ni ojú yẹn. Ẹni tó wà nínú kì í gba ibẹ̀ ríran. Ẹnu ìkòkò ló ti ń wo ọ̀nà, níbi tóóró kan, tí gbogbo ayé á sì rò pé ojú ńlá yẹn ló fi ń wo àwọn. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí, n kò sì mọ̀ pé n ó lò ó lọ́jọ́ kan.

Mo fi igi ọmọ gbẹ́ ìkòkò kan láìgbẹ́ ère sórí rẹ̀. Mo fi okùn so ó rọ̀ láti òkè àjà. Ìwọ á tẹrí bọ inú rẹ̀. Òórùn igi á kọ́kọ́ kí ọ, òkùnkùn á tẹ̀ lé e, àfi tóóró ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu ìkòkò. Ní iwájú tóóró yẹn, odó kan àti ọmọ odó méjì ló wà lórí ẹní. Mo fi sípíkà kéékèèké mẹ́rin pamọ́ sínú igi náà. Ohùn á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ, ní ìsàlẹ̀, bí ẹni pé yàrá kejì ni. O máa fẹ́ na etí sí i. Ibẹ̀ ni ohùn kan á ti ní, ó ti tẹrí bọ̀ ọ́.

Ibi tí mo fẹ́ parí iṣẹ́ náà sí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n ṣe àṣìṣe kejì. Àwọn kan lókè òkun ti ń gbé irú ohùn báyìí sétí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń rí lára aláìsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ àbájáde rẹ̀ wò, àánú pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwádìí kan, àwọn tó gbọ́ ọ tún fẹ́ jìnnà sí alárùn ọpọlọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rù nìkan ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ inú ẹ̀rù kọ́ ni ogún ọdún tí èèyàn fi ń gúnyán tà, tó ń tọ́mọ, tó ń lọ sí ìnáwó.

Mo padà lọ bá Ìyá Oníyán, mo bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ó ní, “Ìgbà tí mo bá ń gúnyán, wọ́n máa ń sinmi díẹ̀.” Ó dìde, ó gbé ọmọ odó. Gbì, gbì, gbì. Ó ní òun máa ń kà á lọ́kàn, pé ohùn yẹn kò lọ o, àmọ́ ó máa ń sún sẹ́yìn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí, ó da omi díẹ̀ sí iyán náà, ó sì dáhùn sí ẹnìkan tí n kò rí pé, “Omi kò pọ̀ jù.” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń gúnyán rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà ti wá di ìṣẹ́jú méje báyìí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ohùn. Lẹ́yìn náà ni odó bẹ̀rẹ̀, ohùn náà á sì máa sún lọ, á sún bọ̀, títí tí òórùn igi àti ìró odó á fi gba gbogbo inú ìkòkò kan.

N ó sọ nípa àṣẹ báyìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ilé ìwòsàn kan wà tí mo lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n to àwọn èèyàn sí àgbàlá, wọ́n ní kí n máa ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó bi ọ̀kankan nínú wọn bóyá ó fẹ́. Kámẹ́rà mi kò kúrò nínú báàgì lọ́jọ́ náà. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí òfin tí àwọn amúnisìn ṣe lórí wèrè ní 1916 fi ń darí wa. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọ béèrè. Ìgbà tí ara ẹni náà dá ni kí o béèrè, kí o tún padà béèrè lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí o sì sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá ní kí o gbé e sọ̀ kalẹ̀, wàá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí owó bá ti inú iṣẹ́ náà wọlé, tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ sì ro ti òǹwòran. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà síta, ọmọbìnrin kan yọ orí rẹ̀ jáde, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ni irú rẹ̀ ń ṣe. Mi ò ní àga tó lè jókòó sí, mi ò ní ẹnì kankan nítòsí tó mọ ohun tí a ń sọ nírú àkókò yẹn. Ó ṣì ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, àga wà, omi wà, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àrùn ọpọlọ wà, mo sì kọ ohun tó wà nínú ìkòkò sára ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ sún mọ́ aláìsàn ọpọlọ nílẹ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier, olùkọ́ ará Jámánì, kó ọ̀dà lọ fún àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn Lantoro, Abẹ́òkúta, kí wọ́n máa fi yàwòrán. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta kan náà. Aláìsàn á máa gbé láàárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Yayoi Kusama, ará Japan, ní tirẹ̀ kò dúró de ayàwòrán kankan. Láti kékeré ló ti ń rí àmì róbótó tó ń bo ohun gbogbo, òun fúnra rẹ̀ ló sì kùn ún síta. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ló ń gbé láti 1977, nípa ìfẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí á ṣe aláìsàn bí wọ́n ti ṣe Louis Wain, ará Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń ya ológbò. Lẹ́yìn tó wọ ilé ìwòsàn, dókítà kan rí àwòrán rẹ̀ mélòó kan tí kò ní déètì, ó tò wọ́n láti orí èyí tó jọ ológbò dé orí èyí tó dà rú, ó ní ẹ wo bí àrùn ṣe ń jẹ ọpọlọ rẹ̀. Ìwé lórí ìwé ló gbà á gbọ́. Ọwọ́ dókítà ló to àwòrán náà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan béèrè pé ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ló ń bá àwọn tó ń gbọ́ ohùn sọ̀rọ̀. Mi ò ní bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1760, Charles Bonnet, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Switzerland, kọ̀wé nípa bàbá ìyá rẹ̀, tó ti ń lọ sí ẹni 90 ọdún, tí ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Ó ń rí ọkùnrin, obìnrin, ẹyẹ, kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó sì mọ̀ dájú pé wọn kò sí níbẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Ojú ni kò gbé iṣẹ́ wá mọ́, ọpọlọ wá ń ṣe tirẹ̀. Ẹ ro ìyá arúgbó kan lábúlé wa tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó ní òun rí àwọn ọmọ kéékèèké lábẹ́ ibùsùn. Kí ni a máa pè é? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí ẹ tó dárúkọ àjẹ́. Ẹni tó sì ń lo oògùn ọpọlọ, bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún un, ẹ gbàdúrà, kí ó sì máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Àwọn adáhunṣe wa náà mọ̀ pé ara ni. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú wèrè, èròjà reserpine tó wà nínú rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn dókítà òyìnbó lò fún aláìsàn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950.

Ní oṣù tó kọjá, Ìyá Oníyán wá sí ibi iṣẹ́ mi lẹ́yìn ọjà. Ó tú gèlè, ó tẹrí bọ inú ìkòkò. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méje, mo ń wo èjìká rẹ̀. Nígbà tí odó bẹ̀rẹ̀, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ bá a mu. Ó yọ orí, ó tún gèlè wé, ó ní, “Ìyá ọkọ mi kì í ti apá ọ̀tún wá.”

Sípíkà méjì ni mo ti yọ. Apá òsì ni mo ń gbẹ́ ihò wọn sí báyìí.