Àyẹ̀wò àpapọ̀: ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ẹni mẹ́wàá!

Ẹ wò ó, ká ní 100 ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọ ilé ibùgbé wọn l'Ádó-Èkìtì. Ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé kòrónà kiri láìní ibà, láìwúkọ́. Ṣé ká wá ṣe àyẹ̀wò 100 ni? Owó dà? Kẹ́míkà tí PCR, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò àrùn nínú omi imú, ń lò ńkọ́?

A ó pa wọ́n pọ̀ ni. Omi imú ẹni 10 sínú ìgò kan. Ìgò 10 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ní in, ìgò 9 á mọ́, ẹni 90 ti bọ́! Ká wá yẹ àwọn 10 tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò 20 péré. Robert Dorfman, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1943, torí àti wá sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ kan, lára àwọn ọmọ ogun.

Ó ya, ibi tí ẹ máa ń ṣì í rèé. Ìgò kan mú àrùn, ariwo ta: "Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kó o!" Rárá o! RÁRÁ! Ká ní alásè mẹ́wàá se ọbẹ̀ ewúro níbi ìnáwó kan n'Ìkẹ́rẹ́. Ẹ bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ kan, ẹ tọ́ ọ wò, ó korò. Ṣé ẹ ó da ìkòkò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nù? (Èmi o, ewúro tí kò korò rárá, kí ni mo fẹ́ fi jẹ iyán? Ẹ jẹ́ n máa bọ̀.) Ìkòkò kọ̀ọ̀kan lẹ ó padà lọ tọ́ wò. Ìyẹn ni pé ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ kù nínú ìkòkò! DÍẸ̀ LA Ń BÙ NÍNÚ OMI IMÚ ẸNÌ KỌ̀Ọ̀KAN. Ìyókù ń bẹ nínú fíríìjì, nọ́ńbà rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ló fẹ́ padà yẹ̀ wò?

Bẹ́ẹ̀, ẹ má ki àṣejù bọ̀ ọ́. Bí ìkòkò bá pọ̀ jù, ìkorò ọ̀kan á pòórá. PCR ń sọ ohun tó ń wá di ìlọ́po méjì ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pa omi imú ẹni 8 pọ̀, ẹ̀rọ á fi nǹkan bí ìpele 3 pẹ́ kó tó rí i. Ẹni tí kòkòrò ara rẹ̀ kéré lè yọ́ kọjá.

Níbi tí àrùn bá sì ti gbòde ńkọ́? Bí 30 nínú 100 bá ní in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgò 10 ló máa mú un, ẹ ó sì tún padà yẹ gbogbo wọn wò. Àyẹ̀wò yín á ju 100 lọ! Níbẹ̀ yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ yáa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀.