Ọlọ́run lẹ́nu iṣẹ́ àti lẹ́nu ọ̀nà: Òwe àti ìkíni àwọn ará Pólándì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí a bá dárúkọ ìsìn àwọn ará Pólándì, ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ ni Jasna Góra ní ìlú Częstochowa, níbi tí àwọn olùfọkànsìn ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síwájú àwòrán Màríà tí ojú rẹ̀ dúdú. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ẹ̀sìn wọn fìdí múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àti lẹ́nu ọ̀nà ilé bó ṣe fìdí múlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló sì jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sóko. Láyé àtijọ́, èèyàn kì í bá àgbẹ̀ tó ń túlẹ̀ pàdé kó dákẹ́. Á ní, "Szczęść Boże!", kí Ọlọ́run bù sí i. Àgbẹ̀ á dáhùn, "Daj Boże!", kí Ọlọ́run fún wa ṣe. Títí dòní ni àwọn awakùsà èédú ní Silesia, ní gúúsù Pólándì, ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ìdánilójú lọ, ìdí nìyẹn tí ìkíni yẹn fi wúwo lẹ́nu wọn.

"Bóg zapłać" ńkọ́? Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Ẹni tí a ṣe lóore kò sẹ́ gbèsè. Ó mọ̀ pé agbára òun ò ká a, ló bá gbé e lé Ẹni tí agbára rẹ̀ ká a lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n ayé pẹ̀lú o: bí wọ́n bá ní ẹnì kan ṣiṣẹ́ "za Bóg zapłać", wọn ò fún un ní kọ́bọ̀ nìyẹn.

Nílé wàyí, òwe wọn ni "Gość w dom, Bóg w dom": àlejò wọlé, Ọlọ́run wọlé. Kò mọ sórí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ 24 oṣù Kejìlá, kí wọ́n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n á bu búrẹ́dì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní opłatek fún ara wọn pẹ̀lú ìre. Àwo kan á sì wà lórí tábìlì tí kò ní olówó, ti àlejò tí a ò retí ni. Tó bá di 6 oṣù Kíní, wọ́n á fi ẹfun tí àlùfáà ti súre sí kọ K+M+B, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Kacper, Melchior àti Baltazar, àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù, àti ọdún tuntun sára ilẹ̀kùn. "Bez Boga ani do proga" ni wọ́n ń wí: láìsí Ọlọ́run, èèyàn ò lè dé ẹnu ìloro pàápàá.

Àwọn ẹni mímọ́ ló ń ka oṣù fún àgbẹ̀. Bí omi bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Barbara, 4 oṣù Kejìlá, wọ́n ní yìnyín ni Kérésìmesì máa bá. Pankracy, Serwacy àti Bonifacy, 12 sí 14 oṣù Karùn-ún, ni òtútù ìkẹyìn tó ń pa ewébẹ̀, Zofia sì tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 15.

Kí ló dé tí gbogbo èyí fi rinlẹ̀ tó báyìí? Láti 1795 di 1918, fún ọdún 123, Pólándì kò sí lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prussia (ìjọba Jámánì kan nígbà náà) àti Austria ti pín in. Ní 1901, ní ìlú Września lábẹ́ Jámánì, ìjọba ní èdè Jámánì ni kí àwọn ọmọ ilé ìwé fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Àwọn ọmọ kọ̀. Àwọn olùkọ́ nà wọ́n. Àwọn òbí tó fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n rán àwọn kan lára wọn lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba nítorí èdè tó fẹ́ fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èdè náà mọ́.

Síbẹ̀, ẹnu wọn mú sí àwọn tó ń fi ẹ̀sìn bojú. "Modli się pod figurą, a diabła ma za skórą": ó ń gbàdúrà lábẹ́ ère, èṣù wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Ẹlòmíì a tan àbẹ́là fún Ọlọ́run, a sì fi àjókù rẹ̀ pa mọ́ fún èṣù. Àwọn kan lè rò pé irú òwe bẹ́ẹ̀ ń gan ìsìn. Mi ò gbà. Àwọn tó jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Máàsì ló ń sọ ọ́ síra wọn, nítorí ohun tó jẹ wọ́n lógún ni.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Pólándì kì í lọ sí Máàsì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, "Jezus Maria!" ni, bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn ibi, "Broń Boże!" ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní òwe fún èyí náà: "Jak trwoga, to do Boga", bí ìbẹ̀rù bá dé, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run là ń sá lọ.